Kí Ló Dé Tí Ikọ̀ Rọ́gbì Fi Ń Kó Èèyàn 33 Lọ Sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé?

Òǹkàwé kan láti Abẹ́òkúta kọ̀wé sí mi báyìí pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo fẹ́ràn láti máa wo rọ́gbì lórí tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń yan ikọ̀ kò yé mi rárá. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń wọ pápá. Kí ló wá dé tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi kó èèyàn 33 lọ sí Faransé lọ́dún 2023? Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣèṣe ńkọ́, ṣé ẹnikẹ́ni tó bá wu akọ́nimọ̀ọ́gbá ló lè fi rọ́pò rẹ̀? Mo sì tún ń rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbá fún England. Ṣé wọn ò lè wá gbá fún Nàìjíríà ni?”

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ béèrè, àmọ́ ibì kan náà ni ìdáhùn méjì àkọ́kọ́ ti ṣẹ̀ wá, ó sì kan ẹ̀kẹta pàápàá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí orúkọ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ikọ̀ rọ́gbì, kó fi àwọn tó ń sáré gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà sílẹ̀ ná, kó kọ́kọ́ ka àwọn tó ń dúró ní ìlà iwájú scrum. Àwọn ni òfin eré náà kò gbà kí ẹlòmíràn dédé bọ́ sí ipò wọn, nítorí wọn sì ni ìwé orúkọ ikọ̀ fi gùn.

Fún àwọn tí kò wò ó rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí scrum jẹ́. Bí eléré kan bá ṣèèṣì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù já bọ́ síwájú lọ́wọ́ rẹ̀, rẹfirí á dá eré dúró, àwọn mẹ́jọ láti ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí à ń pè ní ará iwájú (àwọn méje yòókù ni ará ẹ̀yìn), á so ara wọn pọ̀ ní ìlà mẹ́ta, wọn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn á sì ki orí bọ àárín orí àwọn alátakò wọn. Nígbà tí wọ́n bá ti bọ́ọ̀lù sí àárín, ikọ̀ méjèèjì á máa ti ara wọn. Àwọn mẹ́jọ tó ń ti láti ẹ̀gbẹ́ kan máa ń wúwo tó nǹkan bíi 900 kílò lápapọ̀ ní ìpele àgbáyé, àwọn mẹ́ta tó wà níwájú pátápátá ni gbogbo ẹrù náà sì já lé láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Prop òsì ló ń wọ nọ́ńbà 1, hooker ń wọ nọ́ńbà 2, prop ọ̀tún sì ń wọ nọ́ńbà 3.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín prop méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ òǹwòran kò fura sí. Ẹ̀gbẹ́ kan orí prop òsì wà ní gbangba, kò sí alátakò níbẹ̀, nítorí náà èjìká kan ló fi ń gba ẹrù jù. Prop ọ̀tún ní tirẹ̀ máa ń ki orí bọ àárín alátakò méjì, èjìká rẹ̀ méjèèjì ló sì ń gba ìwúwo àwọn tó wà níwájú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń dúró, bí ẹ̀yìn ṣe ń tẹ̀, ibi tí ọwọ́ ti ń di aṣọ alátakò mú, gbogbo rẹ̀ ló yàtọ̀ sí ara wọn, débi pé ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá gbá lápá òsì lè dà bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bí wọ́n bá gbé e lọ sápá ọ̀tún. Àwọn tó lè ṣe méjèèjì ní ìpele àgbáyé kò pọ̀. Trevor Nyakane ti Gúúsù Áfíríkà wà lára wọn, ìdí kan sì nìyẹn tí wọn kò fi fẹ́ fi í sílẹ̀ sílé. Ní ti hooker, yàtọ̀ sí pé àárín àwọn méjì yìí ló ń rọ̀ sí, òun náà ló máa ń ju bọ́ọ̀lù wọ inú pápá nígbà lineout, ìyẹn nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, iṣẹ́ tó gba ojú àti ọwọ́ tó dúró ṣinṣin.

Ewu ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí scrum bá wó lójijì, orí lè kọ́kọ́ kanlẹ̀ nígbà tí àwọn tó wà lẹ́yìn ṣì ń ti, ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà sì wà nínú ewu ńlá. Nítorí èyí ni òfin ṣe sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dúró ní ìlà iwájú bí wọn kò bá ti kọ́ ọ dáadáa fún ipò náà. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àgbáyé, ikọ̀ kan ní èèyàn 23, àwọn 15 tó bẹ̀rẹ̀ eré àti àwọn mẹ́jọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì, àwọn mẹ́fà nínú 23 yìí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni ìlà iwájú, kí ó lè jẹ́ pé bí prop òsì, hooker tàbí prop ọ̀tún bá jáde, ẹni tó mọ ipò rẹ̀ gan-an ni yóò wọlé. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn aṣọ wọn nígbà míì tí ẹ bá ń wò ó: 16 máa ń jẹ́ hooker, 17 á jẹ́ prop òsì, 18 á jẹ́ prop ọ̀tún. Ṣáájú kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ronú kan ẹnikẹ́ni mìíràn fún bẹ́ǹṣì, òfin ti gba àyè mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí àwọn ẹni ìlà iwájú bá tán lójú pápá hàn kedere nínú Six Nations, ìdíje ọdọọdún àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mẹ́fà, ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí Ítálì lọ bá Ireland ní Dublin. Hooker tí Ítálì fi bẹ̀rẹ̀, Gianmarco Lucchesi, ṣèṣe kíákíá. Hame Faiva wọlé dípò rẹ̀, kò sì pẹ́ tí rẹfirí fi fún un ní káàdì pupa nítorí pé ó kọlu alátakò kan ní agbègbè orí. Ítálì kò ní hooker kankan mọ́. Wọ́n di ẹni tí ń ṣe scrum tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, òfin sì tún ní kí wọ́n yọ ẹlòmíràn kúrò, kí wọ́n má bàa jèrè àìní hooker wọn. Àwọn 13 ló kù lójú pápá, ó sì parí sí 57 sí 6. Òfin yìí le, àmọ́ mo fara mọ́ ọn pátápátá, nítorí láìsí i, ikọ̀ tí scrum rẹ̀ kò lágbára á máa wá àwáwí pé prop òun ṣèṣe kí wọ́n lè fagi lé títi-ara-ẹni.

Ó yẹ kí ẹ lè fi èyí ka ìwé ikọ̀ báyìí. Nínú 33 tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Steve Borthwick kó lọ fún England lọ́dún 2023, hooker mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Jamie George, Theo Dan àti Jack Walker, pẹ̀lú prop mẹ́fà, Ellis Genge, Joe Marler, Bevan Rodd, Dan Cole, Kyle Sinckler àti Will Stuart. Mẹ́sàn-án nìyẹn. Lójú pápá, ìdá kan nínú márùn-ún ikọ̀ ni ìlà iwájú, ṣùgbọ́n nínú ìwé ikọ̀ wọ́n ti ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dáadáa á rántí pé òfin FIFA ní kí aṣọ́lé mẹ́ta ó kéré tán wà nínú ikọ̀ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ kan ló ń ṣọ́ ilé. Ní rọ́gbì, irú ipò bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè bá ni dúró sí pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí kejì tí iye náà fi pọ̀ wà ní ibi ìgbáradì. Láti ti scrum bí ẹni pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ gidi ni, ẹ nílò àwọn mẹ́jọ méjì tó dojú kọ ara wọn, ìyẹn ará iwájú mẹ́rìndínlógún tí ara wọn le, mẹ́fà nínú wọn ní ìlà iwájú. Bí ikọ̀ bá kó ará iwájú méjìdínlógún lọ, tí mẹ́ta bá ṣèṣe, ìgbáradì náà ti bàjẹ́. Nítorí náà ni England àti Gúúsù Áfíríkà fi kó ará iwájú 19 àti ará ẹ̀yìn 14 lọ sí Faransé. Iye tí àjọ World Rugby fọwọ́ sí náà sì ti ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀: 30 ló jẹ́ lọ́dún 2011, ó di 31 lọ́dún 2015 àti 2019, ó wá di 33 lọ́dún 2023. Ìgbà tí wọ́n fi méjì kún un yìí náà ni wọ́n fa ìdíje gùn láti ọjọ́ 44 sí 51, kí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún láti sinmi láàárín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan sí òmíràn. Nítorí ìlera àwọn eléré ni wọ́n ṣe ṣe gbogbo rẹ̀. Ní ti àwọn obìnrin, 32 ni England kó wọ ìdíje ọdún 2025, èyí tí wọ́n sì gbà.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá pinnu láti dín àwọn ẹni ìlà iwájú kù kí ó lè ráyè fún ẹlòmíràn. Eddie Jones ṣe bẹ́ẹ̀ fún England lọ́dún 2019 ní Japan. Prop márùn-ún péré ló wà nínú 31 rẹ̀, méjì nínú wọn, Kyle Sinckler àti Dan Cole, ni prop ọ̀tún. Ní ìdíje àṣekágbá pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà ní Yokohama, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n tíì gbá nígbà tí Sinckler fẹ́ dá Makazole Mapimpi ti Gúúsù Áfíríkà dúró, tí ìgbọ̀nwọ́ Maro Itoje, ẹni ikọ̀ tirẹ̀, ṣèèṣì bà á lórí. Ó dákú sórí koríko. Cole wọlé, kò sì sí prop ọ̀tún mìíràn lórí bẹ́ǹṣì tí yóò wá gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ títí eré fi parí.

Ẹ bá mi wo bí ìyà ṣe jẹ ẹ́. Tendai Mtawarira ló kọ́kọ́ ń tì í, ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí “Beast”. Nígbà tí ó rẹ Mtawarira, Steven Kitshoff tí ara rẹ̀ ṣì tutù wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ abala kejì. Gúúsù Áfíríkà ti ronú kan èyí kí wọ́n tó dé ibẹ̀: mẹ́fà nínú àwọn mẹ́jọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì wọn ni ará iwájú, méjì péré ni ará ẹ̀yìn. Cole ń bá ẹni tuntun jà lẹ́yìn tí ẹni àkọ́kọ́ ti lò ó tán. Scrum England ń wó, rẹfirí ń súfèé pẹ́nárítì fún Gúúsù Áfíríkà, Handré Pollard ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó ń gbá a gba àárín òpó. Àmì 22 nínú 32 Gúúsù Áfíríkà ló wá láti ẹsẹ̀ Pollard, England sì ní 12 péré. Àwọn kan di gbogbo ẹ̀bi ru Cole, èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ènìyàn méjì ni Cole lọ́jọ́ yẹn, inú ìwé ikọ̀ tí wọ́n kọ ṣáájú kí wọ́n tó kúrò ní London ni àìtó ti wà.

Ohun kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ sí wọn ní ipò scrum-half, ẹni tó ń ti bọ́ọ̀lù sínú scrum, tó sì ń gbé e jáde. Méjì ni Jones mú, Ben Youngs àti Willi Heinz. Heinz ṣèṣe nígbà tí wọ́n na New Zealand, wọ́n sì ní láti pe Ben Spencer láti England kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Japan, kí ó lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní àṣekágbá.

Ẹ wá rántí pé nínú àṣekágbá ọdún 2019 yẹn, hooker Gúúsù Áfíríkà, Bongi Mbonambi, náà jáde ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nítorí Malcolm Marx ló wọlé dípò rẹ̀, Marx sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn hooker tó dára jù láyé. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bá ara wọn nírú ipò yẹn, láìsí Marx.

Jacques Nienaber àti Rassie Erasmus, àwọn olórí ikọ̀ Gúúsù Áfíríkà, kó hooker méjì péré lọ sí Faransé, Marx àti Mbonambi. Ẹni kẹta tí wọ́n gbọ́kàn lé ni Deon Fourie, ọkùnrin tó ti ṣe hooker fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó bọ́ sí ipò flanker (ará iwájú tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ scrum), tó sì jẹ́ ẹni ọdún 35 nígbà tó kọ́kọ́ gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Wọ́n fi Pollard sílẹ̀ sílé nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì san, ó sì wá ku Manie Libbok nìkan bíi fly-half gidi, ìyẹn ará ẹ̀yìn tó ń darí eré, tó sì sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù sí òpó. Libbok mọ bọ́ọ̀lù pín ju ọ̀pọ̀ lọ, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó ń gbá sí òpó kì í wọlé tó bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ wọn, Marx ṣèṣe ní orúnkún níbi ìgbáradì, ìdíje sì parí fún un. Ibí yìí gan-an ni ìbéèrè yín kejì ti rí ìdáhùn. Òfin ìdíje kò sọ pé hooker ni kí wọ́n fi rọ́pò hooker. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá ti kúrò nínú ikọ̀ nítorí ìfarapa kò ní padà wá mọ́, kí ikọ̀ sì rí i pé àwọn 23 tí òun fi sílẹ̀ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé gẹ́gẹ́ bí òfin ìlà iwájú ti wí. Erasmus àti Nienaber bá pe Pollard, fly-half tí ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, dípò Marx. Ariwo ta. Ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ló bi wọ́n pé kí ni wọn yóò ṣe bí Mbonambi bá tún ṣèṣe.

Ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, wọ́n yọ Libbok jáde kí abala àkọ́kọ́ tó parí, Pollard sì wọlé. England ló ń borí títí di ìṣẹ́jú díẹ̀ sí òpin, 15 sí 13. Ox Nché tó wọlé láti orí bẹ́ǹṣì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti England lẹ́yìn nínú scrum, rẹfirí súfèé, Pollard sì gbá bọ́ọ̀lù náà láti ọ̀nà jíjìn, ó wọlé: 16 sí 15. Ìyẹn fi hàn pé àwọn olórí ikọ̀ náà kò yan ẹni ìlà iwájú tàbí ẹni tó ń gbá sí òpó bí ohun méjì tó ń bá ara wọn jà. Scrum ló ń bí pẹ́nárítì, ẹsẹ̀ Pollard ló ń sọ ọ́ di àmì.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá, nínú àṣekágbá pẹ̀lú New Zealand ní Stade de France, ẹ̀rù tí àwọn akọ̀ròyìn ń bà ṣẹ. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré lẹ́yìn tí eré bẹ̀rẹ̀ ni Mbonambi jáde pẹ̀lú orúnkún tó dùn ún. Fourie, ẹni ọdún 37, wọlé, ó sì gbá gbogbo ìyókù eré náà ní ipò hooker. Ó hàn pé ó nira. Bọ́ọ̀lù tó ń jù ní lineout ṣìnà lẹ́ẹ̀mélòó kan, àwọn New Zealand sì ń gbà á. Pẹ̀lú èyí náà, scrum wọn kò wó, Fourie kò dẹ́kun àtidá alátakò dúró, pẹ́nárítì mẹ́rin tí Pollard gbá wọlé ló sì jẹ́ gbogbo àmì wọn, 12 sí 11. Àwọn ará iwájú méje ló wà lórí bẹ́ǹṣì wọn lọ́jọ́ yẹn, ará ẹ̀yìn kan ṣoṣo, Willie le Roux. Mi ò ní sọ pé ewu tí wọ́n fi ara wọn sínú rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti England ọdún 2019: wọ́n mọ orúkọ ẹni kẹta kí wọ́n tó gbéra nílé, wọ́n sì ti jẹ́ kí ó máa ju bọ́ọ̀lù lineout níbi ìgbáradì láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje.

Òfin tó ní ẹni tó bá jáde kò ní padà yìí tún máa ń fi àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá sí ìdààmú míì. Nígbà tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Antoine Dupont, balógun ikọ̀ Faransé, fọ́ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Namibia lọ́jọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, àmọ́ wọn kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gbà láti máa bá a lọ pẹ̀lú èèyàn 32 kí àyè rẹ̀ má bàa tán. Ó padà wá lóòótọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá láti kojú Gúúsù Áfíríkà, tó fi àṣíborí bo orí, Faransé sì fi àmì kan ṣoṣo pàdánù, 28 sí 29.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, àwọn tó ń ṣèṣe á tò tẹ̀ lé ara wọn ní ipò kan náà. Lọ́dún 2011, Dan Carter ti New Zealand fara pa níbi ìgbáradì, Colin Slade tó bọ́ sí ipò rẹ̀ fara pa, Aaron Cruden tó tẹ̀ lé e náà tún fi orúnkún ṣèṣe nínú àṣekágbá gan-an. Stephen Donald, tó wà lẹ́nu ẹja pípa nígbà tí ìpè dé, ló wọlé, aṣọ tó wọ̀ kéré sí i lára, òun ló sì gbá pẹ́nárítì tó jẹ́ kí wọ́n na Faransé ní 8 sí 7. Fly-half ni ọ̀rọ̀ náà kàn, wọ́n sì lè wá ẹni kẹrin rí. Ká ní prop ọ̀tún mẹ́ta ló lọ bẹ́ẹ̀, mi ò rò pé wọn ì bá rí ẹni tó yẹ kíákíá tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè yín kẹta. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ wa ti pẹ́ nínú ikọ̀ England. Adedayo Adebayo, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, wà nínú ikọ̀ tí Andrew Harriman, ẹni tí wọ́n bí ní Èkó, ṣe balógun fún nígbà tí England gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àkọ́kọ́ ti rọ́gbì ẹlẹ́ni méje ní Edinburgh lọ́dún 1993. Ayoola Erinle, tí wọ́n bí ní Èkó, gbá fún England lọ́dún 2009. Victor Ubogu, prop tí wọ́n bí ní Èkó, àti Steve Ojomoh, tí wọ́n bí ní Benin City, lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1995. Maro Itoje, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní London, ló di balógun England lọ́dún 2025, òun náà ló sì ṣe balógun àwọn British and Irish Lions, ikọ̀ tí wọ́n ń ṣà jọ láti England, Scotland, Wales àti Ireland, ní Ọsirélíà lọ́dún kan náà.

Bí eléré kò bá tíì gbá fún orílẹ̀-èdè kankan, ó lè gbá fún ibi tí wọ́n bí i sí, ibi tí wọ́n bí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan sí, tàbí ibi tó ti gbé fún ọdún márùn-ún léraléra. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di márùn-ún. Nígbà kan, bó bá ti gbá fún orílẹ̀-èdè kan, ibẹ̀ ló ti di ti títí láé, àmọ́ òfin yìí yí padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Ní báyìí, ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́ta láìgbá fún orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lè yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí wọ́n bá bí i, tàbí òbí rẹ̀, tàbí òbí àgbà rẹ̀, sí ibi tó fẹ́ lọ. Jean Kleyn jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀: wọ́n bí i ní Johannesburg, ó gbá fún Ireland ní Ife Ẹ̀yẹ ọdún 2019, ó sì wà lórí bẹ́ǹṣì Gúúsù Áfíríkà ní àṣekágbá ọdún 2023. Tonga àti Samoa náà fi òfin yìí kó àwọn tó ti gbá fún New Zealand àti Ọsirélíà rí wọ ikọ̀ wọn.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó ti gbá fún England lè wá gbá fún Nàìjíríà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bí òfin bá gbè é. Nàìjíríà, tí a ń pe ikọ̀ rẹ̀ ní Black Stallions, kò tíì dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rọ́gbì ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rí. Côte d'Ivoire nìkan ló ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà débẹ̀, lọ́dún 1995. Ní ti ọdún 2027 ní Ọsirélíà, níbi tí ikọ̀ 24 yóò ti kópa, Zimbabwe ló na Namibia ní 30 sí 28 ní Kampala ní oṣù keje ọdún 2025 láti gba àyè Áfíríkà.

Tí àwọn tó ń ṣètò rọ́gbì wa bá bi mí pé níbo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwákiri láàárín àwọn ọmọ wa tó wà nílẹ̀ òkèèrè, mi ò ní sọ pé kí wọ́n wá wing, ará ẹ̀yìn tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ẹni tó lè sáré kò wọ́n wa nílé. Prop ni kí wọ́n wá, ọ̀tún pàápàá, pẹ̀lú hooker mẹ́ta. Beno Obano, prop òsì tó kọ́kọ́ gbá fún England lọ́dún 2021, tó sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí Itoje, jẹ́ ẹ̀rí pé irú wọn wà nínú ìdílé Nàìjíríà ní London. Àwọn ẹgbẹ́ agbárọ́gbì tí irú wọn ti ń kọ́ṣẹ́ láti ọmọdé ni kí wọ́n kọ̀wé sí, kí wọ́n sì kàn sí wọn kí England tó pè wọ́n, nítorí ọdún mẹ́ta pọ̀ nínú ìgbésí ayé ẹni tó ń fi ọrùn ti scrum.